Ìbọn Alájá Nínú Sinimá

Gàníyù ọdẹ, ti agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọba, kò lè wo sinimá kó dákẹ́. Gbogbo Ìwó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí eléré bá ti gbé ìbọn jáde lójú aṣọ funfun, ara rẹ̀ á ti máa yún un. Bí ẹni náà bá yin ìbọn tí èjìká rẹ̀ kò mì, Gàníyù á dìde láàárín èrò, á nawọ́ síwájú, á ní: "Irọ́ ni!" Bí ẹtu bá ṣubú tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde, "Irọ́ ni!" Bí ọdẹ inú eré bá jẹ́ kí atẹ́gùn gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran, "Irọ́ ni! Ẹran yẹn á ti dé Ilé-Ogbó!" Wọ́n ti lé e jáde ní gbọ̀ngán ìlú rí. A sọ ọ́ ní Irọ́-Ni, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó dà bí ẹni pé orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Iwájú ilé wọn ni mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, n kò sì ní torí pé ó ti kú kí n máa pọ́n ọn: ọkùnrin náà gbéra ga. Kì í ṣe ẹran tó ń pa ló gbé e ga, nítorí Rájí, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ láti kékeré, ń pa jù ú lọ. Ìbọn rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó máa ń wá yìnbọn sí àparò lẹ́bàá odò Ọbà láyé àtijọ́. Bàbá yẹn ló ń mú òyìnbó náà wọgbó. Nígbà tí òyìnbó ń lọ sílé rẹ̀ pátápátá, ó fi ìbọn sílẹ̀ fún un.

Ẹlẹ́nu méjì ni, ẹnu méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igi ìdí rẹ̀ pupa, ìlà dúdú sì ń ṣàn nínú rẹ̀ bí ìgbà tí omi bá ń ṣàn lórí yanrìn. Níbi tí irin ti pàdé igi, ẹni tó ṣe é fín ajá kan sí i, ajá náà gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, àparò méjì ń fò lọ lókè orí rẹ̀. Bí o bá gbé e súnmọ́ ojú, o ó rí irun ẹ̀yìn ajá náà níkọ̀ọ̀kan. Ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ ni àwọn ọdẹ tó kù ń lò, èyí tó jẹ́ pé bó bá bú gbàmù, èéfín rẹ̀ á bo ẹni tó yìn ín. Ìbọn Alájá là ń pe ti Gàníyù. Epo àgbọn ló fi ń nù ún. Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé irun òun kò rí epo tó ìbọn yẹn. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, àti Rájí pàápàá.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan, kí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba, ẹgbẹ́ eléré kan wá láti Ìbàdàn. Adégòkè lorúkọ ọ̀gá wọn, ọkùnrin tó máa ń fi aṣọ ìnura kọ́rùn bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Wọ́n fẹ́ sọ ìwé kan di sinimá, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ń kà nígbà náà. Ìtàn ọdẹ méjì ni. Ọ̀kan ṣèèṣì yìnbọn pa èkejì nínú igbó, ó rò pé ẹran ni. Ajíbóyè ni wọ́n pe ẹni tó kú nínú ìwé náà.

Adégòkè lọ kí Bàbá Ọláníyọnu, tí í ṣe Olúọdẹ, pé kí wọ́n bá òun wá àwọn ọdẹ tí yóò ṣèrànwọ́. Gbogbo ọdẹ jáde pẹ̀lú ìbọn wọn. Nígbà tí Adégòkè rí ajá ara ìbọn Gàníyù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó pe ọmọkùnrin tó ń ya àwòrán, ìyẹn sì gbé kámẹ́rà súnmọ́ ìbọn náà tó bẹ́ẹ̀ tí Gàníyù fi ọwọ́ dí i kó má baà họ ọ́.

"Bàbá, ìbọn yìí ni eré wa," Adégòkè ní. "Èyí ni Ajíbóyè máa gbé."

"Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ máa gbé e bó ṣe yẹ," Gàníyù dáhùn. "Mi ò fẹ́ irọ́."

Báyìí ló ṣe di olùkọ́ àwọn eléré. Matthew ni ẹni tó ń ṣe Ajíbóyè, ọmọ dáadáa kan tó lẹ́wà, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbọn àti ọmọrí odó. Gàníyù kọ́ ọ bí wọ́n ti ń ṣẹ́ ìbọn sí méjì níbi tí irin ti pàdé igi, kó má lè yìn, kí wọ́n tó fo odò, bí wọ́n ti ń gbé e lé apá, àti pé a kì í ti ìka bọ ibi tí wọ́n ti ń fà á títí ẹran á fi dé iwájú ẹni. Lékè gbogbo rẹ̀, ó kọ́ ọ pé a kì í na ìbọn sí ènìyàn, ì báà jẹ́ òfìfo. Lọ́jọ́ kan tí Ṣẹ̀fíátù ń bu oúnjẹ fún wọn, Matthew fi ẹ̀rín na Alájá sí i, ó ní, "Ìyá, ẹ fẹran kún un, àbí kí n fà á?" A rẹ́rìn-ín. Gàníyù gbá a létí níwájú gbogbo ènìyàn. Adégòkè gbé ìwọ̀sí náà mì nítorí ìbọn.

Aṣọ tí wọ́n rán wá láti Ìbàdàn fún Ajíbóyè tún bí i nínú. Ó ní kò sí ọdẹ tó ń wọ nǹkan tó ń dán bẹ́ẹ̀ wọgbó, àyàfi tó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ó wọlé, ó sì gbé gbérí tirẹ̀ jáde, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ tí iná jó lápá kan nígbà tí òun àti Rájí sùn ti iná nínú igbó. Ó gbé fìlà àti àpò rẹ̀ jáde pẹ̀lú. Matthew wọ gbogbo rẹ̀. Láti ẹ̀yìn, bí o kò bá mọ̀, o ó pè é ní Gàníyù.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ìpà.

Bí ọdẹ bá kú ní tiwa, ẹ̀yìn tí wọ́n bá sin ín ni àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ ṣí ìpà rẹ̀. Ilé òkú ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ jẹun, aya rẹ̀ ló ń dáná. Wọ́n á wá lọ sí igbó, wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní gbérí òkú náà, wọ́n á gbé àpò rẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n á sì sun ìrèmọ̀jé fún un, pé kó máa lọ, kó má bá àwọn ná igbó mọ́. Wọ́n á pẹ̀yìn dà, ẹnì kan kò ní wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò láàárín ọdẹ. Ohun tó bá ti wọ ara igi yẹn kì í padà wálé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gbé ìbọn gidi síbẹ̀. Ìbọn jẹ́ ti ọmọ òkú, igi tí wọ́n gbẹ́ bí ìbọn ni wọ́n ń gbé kọ́ ọ.

Ìwé náà ní ìpà Ajíbóyè nínú, Adégòkè sì fẹ́ kí àwọn ọdẹ gidi ṣe é. Bàbá Ọláníyọnu gbà. Wọ́n wá àkísà kan, wọ́n gbẹ́ igi. Gàníyù wo igi náà, ó wo àkísà, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Irọ́ ni! Gbogbo ayé ti rí Ajíbóyè pẹ̀lú Alájá, wọ́n ti rí i pẹ̀lú gbérí mi. Kí wọ́n wá rí igi ìdáná lára ìpà rẹ̀? Wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín dé Èkó."

Inú Adégòkè dùn. Inú Bàbá Ọláníyọnu kò dùn.

"Gàníyù, nǹkan tìrẹ lo fẹ́ gbé síbẹ̀ yẹn."

"Bàbá, eré mà ni."

"A ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìrèmọ̀jé ṣeré. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, bàbá. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Mo rántí pé ó rọra fi ọwọ́ nu ajá náà bó ti ń sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ṣẹ̀fíátù fi ẹran tí Gàníyù fúnra rẹ̀ pa se ìrẹsì, gbogbo àwọn ọdẹ sì jẹ ní ilé rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ lé àwọn eléré lọ. Rájí jẹ, ó tún gba òmíràn. Obìnrin náà wọ aṣọ tuntun nítorí wọ́n sọ fún un pé kámẹ́rà lè yà á.

A dé igbó. Wọ́n ri igi, wọ́n wọ̀ ọ́ ní gbérí, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n gbé Alájá kọ́ èjìká rẹ̀. Oòrùn bọ́ sára irin, ajá náà tàn yòò. Rájí ló máa sun ìrèmọ̀jé, nítorí kò sí ohùn tó dùn tó tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Adégòkè ti sọ fún un pé Ajíbóyè ni kó máa pè. Ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ajíbóyè ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n gbérí tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ti jọ sùn nínú òtútù ló ń wò. Ibi tí iná jó lápá rẹ̀ ló ń wò. Ìbọn tó ti wù ú láti ọmọdé, tí wọn kò jẹ́ kó gbé lọ́jọ́ kan rí, ló wà níwájú rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó sì gbàgbé Ajíbóyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn baba Gàníyù, ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn títí tó fi dé orí rẹ̀.

"Gàníyù, máa lọ. Má bá wa ná igbó mọ́. Má gba ẹran lọ́wọ́ wa mọ́. Gàníyù, ó dàárọ̀."

"Ó dàárọ̀ o!" ni àwọn ọdẹ dáhùn bí wọ́n ti máa ń dáhùn.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn kan tó fura. Mo wo Gàníyù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, n kò ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tó rí níwájú kámẹ́rà tó jẹ́ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ọdẹ pẹ̀yìn dà, Adégòkè pariwo pé ó tó, kí wọ́n padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó yíjú. Gàníyù bá lọ sídìí igi náà, ó gbé Alájá kúrò lára rẹ̀, ó bọ́ gbérí lára igi, ó sì wọ̀ ọ́ wálé.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ìpàdé ọdẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Olúọdẹ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

"Rájí," Bàbá Ọláníyọnu pè, "ṣé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn ni?"

Rájí wolẹ̀. "Ó dà bíi pé mo gbọ́ nǹkan kan, bàbá. Afẹ́fẹ́ ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtifi Gàníyù rẹ́rìn-ín, ọkùnrin onígbéraga, onírin dídán tó ń wo ṣakabùlà wọn bí ẹni wo ìdọ̀tí. Ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí agara fi dá Olúọdẹ, ẹni tó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá ènìyàn sọ ọ́. Ó ní kí ohun tó wà lára ìpà padà sára ìpà. Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní iṣẹ́ ṣì kù fún ìbọn náà nínú eré. Ó ní Adégòkè ti sọ pé ní Ìbàdàn ni wọ́n máa ń fi ohùn sí i, Ajíbóyè ni wọ́n máa fi sí gbogbo ibi tí Rájí ti ṣì í pè. Ó ní kí wọ́n kàn ní sùúrù kí sinimá dé.

"Ó dáa," Olúọdẹ ní. "Bó bá dé, tí a fojú wa rí i pé Ajíbóyè la ṣe é fún, a jẹ́ pé Ajíbóyè ló kú. Kó tó dé, má tẹ̀ lé wa."

Ó gbà. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Láti ọjọ́ náà, sinimá yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́jà dé, nǹkan le, wọ́n ní òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ àwòrán náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa rí i gbà. Ọdún yípo. Gàníyù á wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, Adégòkè á ní kó máa lọ sílé, ó kù díẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó gbé Alájá, ó dá wọ igbó. Ó pàdé Rájí àti àwọn ọdẹ kan lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ó kí wọn. Rájí gbé ṣakabùlà sókè, ó nà án sí i láyà gan-an.

"Rájí! Ènìyàn lo nàbọn sí!"

"Mo mọ̀ pé a kì í nà án sí ènìyàn," Rájí ní. "N kò nà án sí ènìyàn."

Ìka rẹ̀ ti wọ ibi tí wọ́n ti ń fà á. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, ìka yẹn ló sì ń tẹnu mọ́. Ó ṣẹ́ Alájá sí méjì, ó gbé e lé apá, ó sì padà. Kò wọ igbó mọ́. Ó ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀, ó ń fi epo àgbọn nu ìbọn tí kò yìn. Ṣẹ̀fíátù bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹran lọ́jà bíi ti àwa yòókù, á sì bò ó mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n kí ojú má baà tì í. Àwọn ọmọ àdúgbò kò pe ọkọ rẹ̀ ní Irọ́-Ni mọ́. Òkú-Ọdẹ ni wọ́n ń pè é. Ó ń dun èmi gan-an, mo sì lé wọn títí ó fi sú mi.

Nígbẹ̀yìn, sinimá dé. Adégòkè fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí gbọ̀ngán ìlú, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Ìlú kún ibẹ̀. Iwájú ni Bàbá Ọláníyọnu àti àwọn ọdẹ jókòó sí, gbogbo wọn nínú gbérí. Gàníyù, Ṣẹ̀fíátù àti èmi wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n pa iná.

Ohun tó kọ́kọ́ yọ ni ajá. Ó gba gbogbo ojú aṣọ náà, ó tóbi ju ilẹ̀kùn ilé lọ, irun ẹ̀yìn rẹ̀ hàn níkọ̀ọ̀kan, àparò sì ń fò lọ. Gbogbo gbọ̀ngán hó. Gàníyù di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé kò sí ọkùnrin tí inú rẹ̀ dùn tó tirẹ̀ ní gbogbo Ìwó ní wákàtí yẹn, inú èmi náà sì dùn nítorí rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Matthew fi rí ẹtu. Ìka rẹ̀ ti wọnú ìbọn kó tó rí ẹran rárá. Ó yìn ín, ó tún yìn ín, ó sì tún yìn ín lẹ́ẹ̀kẹta láìṣẹ́ ẹ láti ki ọta tuntun bọ̀ ọ́. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì! Gbogbo gbọ̀ngán yíjú sẹ́yìn. Wọ́n ń wo Gàníyù, wọ́n ń retí "Irọ́ ni!" Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu àwọn kan ní ìmúrasílẹ̀. Gàníyù pa ẹnu mọ́. Kò lè pe sinimá yẹn ní irọ́, ó nílò rẹ̀.

Wọ́n yìnbọn pa Ajíbóyè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ké. Mo gbọ́ tí Gàníyù ní, "Ó kù díẹ̀. Ìpà ló kàn." Ohun tó wá kàn ni ọ̀rẹ́ náà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan nínú aṣọ funfun, tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "A ti sin Ajíbóyè." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ilẹ̀ oko. Kò sí igbó, kò sí igi, kò sí Rájí, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Gàníyù dìde. "Ìpà dà?"

"Jókòó, Òkú-Ọdẹ!" ẹnì kan kígbe.

"Ìpà dà? Ìpà wà níbẹ̀! Mo wà níbẹ̀!"

Bàbá Ọláníyọnu dìde níwájú. Àwọn ọdẹ dìde tẹ̀ lé e. Wọ́n gba àárín èrò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Gàníyù kọjá, kò sì sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn nínú wọn.

Nígbà tí eré parí, ó lọ bá Adégòkè. Adégòkè ní eré ti gùn jù, àwọn ní láti gé nǹkan kan kúrò. Gàníyù bi í pé níbo ni èyí tí wọ́n gé wà, kó bá òun mú un wá, kí òun fi han àwọn àgbà.

"Bàbá, a ti dà á nù. Ta ló ń tọ́jú ìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan Gàníyù léjìká. "Ẹ ò wá rí bí ìbọn yín ṣe rẹwà tó? Torí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn gangan, Gàníyù gbé Alájá lọ sí igbó ìpà. Igi náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti tẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ ní gbérí, ó gbé ìbọn kọ́ ọ. Ó wá lọ sọ fún Olúọdẹ pé òun ti dá a padà, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gba òun. Olúọdẹ fetí sí i dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ó ṣeun tó gbé ẹrù rẹ̀ lọ, kó wá lọ sinmi.

Òjò ọdún náà pọ̀. Kò sí olè tó jẹ́ fọwọ́ kan ìbọn náà. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan: ikán ti jẹ igi pupa yẹn, ìpẹtà ti bo ajá náà mọ́lẹ̀, o kò ní mọ̀ pé ajá ni. N kò sọ fún Gàníyù pé mo lọ.

Àìsàn kékeré ló pa á, èyí tí kò yẹ kó pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ààfáà kírun sí i lára, a sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣe ti òun fún òun. Ṣẹ̀fíátù ní kí n tẹ̀ lé òun lọ. A bá Bàbá Ọláníyọnu lọ́dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, Rájí jókòó tì í. Obìnrin náà kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, mo wá nítorí ìpà ọkọ mi. Ohun tí ẹ bá ní kí n sè, màá sè é."

Arúgbó náà kò bínú rárá, ohùn rẹ̀ tutù. "Dìde, ìyàwó wa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń ṣe é fún ọdẹ. A ti ṣe tiẹ̀."

"Eré nìyẹn, bàbá. Eré sinimá ni."

"Sinimá wo?" Rájí ní. "Gbogbo wa la lọ wo sinimá, ìpà kò sí níbẹ̀." Ó tẹ̀ síwájú, ó sì wo obìnrin náà lójú. "Àbí o ti gbàgbé ni? Ilé rẹ la ti jẹun lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo se ìrẹsì, o wọ aṣọ tuntun. Mo tún gba òmíràn."